Wọ́n Ní Mi Ò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀

Ilé Oyèdọ̀tun,
Ìlá-Ọ̀ràngún.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹwàá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Jàmíátù,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá yín gbé ní Ọ̀rà. Ṣé ara yín le? Ṣé àwọn ọmọ ń lọ síléèwé, ṣé iṣu tí ẹ kó wọlé kò jẹrà? Ní tèmi, mo wà láàyè, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ rárá. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá sín nínú yàrá yìí, gbogbo ilé ló ń kí mi pẹ̀lẹ́.

Iṣẹ́ abẹ náà dára. Ẹ rántí bí iná jẹnẹrétọ̀ ṣe jó mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí àpá fa orúnkún mi jọ, tí mo fi ń tiro fún ọdún méjì. Àwọn dókítà l'Óṣogbo gé àpá náà, wọ́n bó awọ fẹ́lẹ́ lára itan mi, wọ́n fi bo ẹ̀yìn orúnkún. Wọ́n wá de ẹsẹ̀ náà mọ́ ike líle kó lè máa nà. Dókítà ní oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò gbọdọ̀ ká a, mi ò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Bí awọ náà bá ya, ẹsẹ̀ lè padà ká, kó má sì nà mọ́ láéláé.

Oṣù mẹ́ta! Èmi tí ẹ ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé láti kékeré! Ó ń yún mi, mi ò gbọdọ̀ họ ọ́. Maṣíìnì ìránṣọ ń wò mí, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ìyá ọkọ mi ń gbé e wá ṣáá, àfi bí ẹni ń bọ́ àgbò Iléyá.

Ṣùgbọ́n ìkíni ló fẹ́ pa mí. Ẹ mọ ilé yìí: ìyàwó tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà, wọn á ní kò gbẹ̀kọ́. Àlùfáà ti ní kí n máa kírun lórí àga, kí n na ẹsẹ̀. Ọlọ́run yọ̀ǹda, àwọn èèyàn ni ò yọ̀ǹda! Ìyá ọkọ mi pàápàá, bí mo bá kí i lórí ìjókòó, á dáhùn, ṣùgbọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo tú ike náà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ẹsẹ̀ mi, ni Bàbá Oyèdọ̀tun, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, bá dé láti Ìresì láìsọ tẹ́lẹ̀. Hàà, ẹ̀gbọ́n mi! Mi ò ronú rárá. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan já lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé gìgísẹ̀ mi. Bàbá ṣì ń wúre lọ́wọ́, "Wàá gbó, wàá tọ́," nígbà tí mo figbe ta.

Wọ́n sáré gbé mi padà s'Óṣogbo. Dókítà ní ibi kékeré ló ya, ó lè jinná, ó sì lè má jinná, ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀la ló pé. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè jẹun, báńdéèjì yẹn ni mò ń wò ṣáá.

Láàárọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi wọlé. Mo dìde lórí ọ̀pá, mo sì ti fẹ́ máa lọ sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún! Ó di ẹsẹ̀ mi tó dáa mú, ó ní, "Àṣàkẹ́, ojú tí mo ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kó ẹ̀rù bá ọ. Mo bẹ̀ ọ́, má kúnlẹ̀ fún mi mọ́, má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé yìí, títí ẹsẹ̀ yìí á fi san."

Ẹ ti rí i rí, kí ìyá ọkọ wà lórí ìkúnlẹ̀, kí ìyàwó wà lórí ìdúró? Gbogbo ara ń fà mí wálẹ̀. Òógùn bò mí. Mo di ọ̀pá mú, mò ń sunkún, mo sì dúró. Mi ò ṣe ohun tó le tó yẹn rí láyé mi.

Ó ti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ń sọ fún gbogbo àlejò pé, "Ẹ má retí ìkúnlẹ̀ o, ẹsẹ̀ ìyàwó mi ń jinná."

Ẹ bá mi ṣàdúà fún ọ̀la. Kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí yín, kó má fi ojú yín rí ibi lára àwọn ọmọ.

Èmi àbúrò yín tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́,
Kàdíjátù Àṣàkẹ́.

Àfikún: Bí ẹ bá dé ní Sátidé, orí ìdúró ni màá ti kí yín. Ẹ má bínú. Bí Ọlọ́run bá gbà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe dọ́gba, kí ẹ tó dá mi lóhùn.