Ẹ̀rọ Oregun Tó Fún Wa Ní Ohùn

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Olórí akọrin tún sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ lónìí pé ohùn mi ń yà bàrá. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n gba Oregun darí sílé.

Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ oníke tó wà níbẹ̀ ṣì ń kùn. Ohùn rẹ̀ la fi ń wọn ohùn gìtá wa nígbà tí èmi, Bọ̀dé àti Sàídì ń kọ orin rọ́ọ̀kì nínú ilé ìkẹ́rù ẹ̀yìn rẹ̀. A ò mọ̀ pé ohùn ẹ̀rọ náà kò bá ohùn dùùrù kankan mu, àfi ìgbà tí wọ́n pè wá wá ṣeré níbi ayẹyẹ kan ní Maryland, l'Ékòó níbí, tí onídùùrù wọn ní kí òun bá wa lù ú. Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín títí. Bọ̀dé ní òun ò ṣe mọ́. Ẹgbẹ́ orin wa ò tíì pé ọdún kan nígbà tó tú ká.

Bọ̀dé ti wà ní Kánádà. Sàídì ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, tí mo bá yà kí i, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi dí."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlà tèmi nínú orin wa àtijọ́. Ó bá ẹ̀rọ yẹn mu rẹ́gí! Ohùn mi ò yà rárá. Mo kọ ọ́ dé ibi tí Bọ̀dé ti máa ń gbè é, mo sì dákẹ́ fún un.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì yọjú. "Ọ̀gá, ta lẹ ń dúró dè?"

Mo ní kò sí ẹnì kankan. Síbẹ̀, mi ò tètè kúrò níbẹ̀.