Pákó Orí Àtẹ̀gùn

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹwàá, 1953
Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo já bọ́ lórí lọ́rì kòkó. Wọ́n ti fi igi àti àkísà di ẹsẹ̀ mi. Bàbá tó ń to eegun ní n kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ títí oṣù yóò fi parí. Èmi! Èmi tí mo ru aṣọ lórí láti Iléṣà dé Ìbòkun, tí ìwé mi ò ju ọdún méjì lọ, tí mo sì kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì! Mo wá di ẹrù inú yàrá òkè. Ó dáa náà — Góòlù mi wà lọ́dọ̀ mi.

Góòlù ni Dúróoríkẹ́, ọmọ Phebe ọmọ mi. Ọdún mẹ́rin. Ibà ló pa àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀, nínú àgbàlá tí wọ́n ti ń ṣeré. Ni mo bá gba eléyìí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo kan pákó tó ga dé ìbàdí mi dí orí àtẹ̀gùn látìgbà tó ti ń rákòrò. Kò tẹ ilẹ̀ rí. Kò sì kú.

Ìṣẹ́gun, 6
Òjò. Pákó mi le. Èmi náà ò lè gbà á kọjá.

Ẹtì, 9
Góòlù ń wúkọ́ bíi tèmi kó tó sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ó yọjú ní fèrèsé, ó kí Làbákẹ́ ayálégbé mi — Agogo Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń pè é, nítorí ohùn rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, ṣé ẹ ti jí?" Agogo ké padà: "A ti jí o, ìyá àgbà!" Mo rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi dùn mí. Ọmọ wo ló gbọ́n tó báyìí ní gbogbo Iléṣà?

Àwọn ọmọ àgbàlá ń kọrin: "Ọmọ òkè, sọ̀ kalẹ̀, erùpẹ̀ kì í jẹni!" Aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Àìkú, 11
Phebe dé láti Òṣogbo, láti Òkè Baálẹ̀ tó ti ń tajà. Góòlù sá sẹ́yìn àga mi. Ó ní, "Ta lẹ ń wá?" Ìyá rẹ̀ jókòó. Ó ní: "Bàbá, ọmọ yìí ò bá ẹgbẹ́ ẹ̀ jà rí. Ṣé ire lẹ pe ìyẹn? Ẹni tí ò jà, níbo ló ti máa mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà?" Ó ní òun á wá mú un lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní kò sẹ́ni tí yóò mú un jáde nílé mi. Mo ní, méjì tó kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ńkọ́?

Kò yẹ kí ìyẹn ti ẹnu mi jáde.

Ọjọ́rú, 14
Béjidé, ọmọ Agogo, gun pákó kọjá, ó wọlé wá ṣeré. Ọdún márùn-ún lòun. Góòlù ní kó jókòó. Ó mú àkísà tó ṣẹ́kù nínú èyí tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ mi, ó fi so ẹsẹ̀ Béjidé mọ́ àga. Ó wúkọ́: "Má dìde. Ilẹ̀ á pa ọ́." Béjidé rò pé eré ni. Ó fẹ́ máa lọ, Góòlù ò tú u. Igbe ta! Agogo sáré gòkè wá tú ọmọ rẹ̀. Ó wo àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi. Kò tiẹ̀ pariwo. "Bàbá, ohun tó rí ló ń ṣe."

N ò jẹun alẹ́.

Àbámẹ́ta, 17
Mo ní kí Agogo fi òòlù yọ pákó. Góòlù dúró síbi tó ti ṣí sílẹ̀, ó di ògiri mú. "Bàbá, ẹ kàn án padà."

Ni mo bá fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ — èmi Fáṣínà, níṣojú ayálégbé mi! Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá. Àwọn ọmọ ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sínú erùpẹ̀, mo bù ú, mo fi ra apá mi méjèèjì. Mo ní, "Wò ó. Ṣé mo kú?"

Phebe ti dé. Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò gòkè lọ gbé Góòlù. À ń wò ó.

Oòrùn ti yí. Ìwé yìí wà lórí itan mi. Góòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀.

Ó ku mẹ́tàlá.