Ohùn Bàbá Wa Nínú Orin Delvin

Earline, àbúrò mi,

Mo ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni mọ́. Má sọ fún mi mọ́ pé orin ráàpù Delvin, ọmọ ọmọ mi, kò gbọdọ̀ dún ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìsìnkú rẹ̀.

Ara mi le. Mò ń jẹun. Àwo méjì ni mo ṣì ń gbé kalẹ̀ láràárọ̀, tèmi àti ti Delvin; ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára ni.

Ariwo lo máa ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìdáná mi níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń kọrin ìsìn lọ́jọ́ kan, ó gba ohùn mi sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ mú un falẹ̀, bí àwọn olórin ráàpù ti ń ṣe é ní Houston, títí ó fi wúwo bí ohùn ọkùnrin. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá arúgbó wo nìyẹn?" Ó bú sẹ́rìn-ín: "Màmá àgbà, ẹ̀yin mà ni!"

Earline, ohùn bàbá wa ni, bó ṣe máa ń dárin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Opelousas nígbà èwe wa gẹ́lẹ́.

Orin yẹn ló gbé Delvin dé Atlanta, tí wọ́n ní kó wá kọ ọ́. Ó ti ibẹ̀ dé, ó ní ó rẹ òun, ó sùn, kò jí.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Nígbà tí ọkọ rẹ kú, ẹsẹ̀ wíwú ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì wá dárin fún un. O ní wàá san oore yẹn padà fún mi. Sátidé, aago mẹ́wàá, ni ìsìnkú Delvin. Wá san án.

Verna Mae