Rọ́bà Tí Ó Wà Ní Ìka Tí Kò Tọ́

                                        Ojúlé 214, Òpópónà Cedar,
                                        Brandt Falls,
                                        Nebraska.
                                        Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹwàá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Kóòṣì Tolliver,

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1991, ni mo ṣẹ̀ yín. Mo kọ́kọ́ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ kí n tó kí yín nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, tí ìkíni náà gùn títí tí n kò fi dé ibi ọ̀rọ̀. Ní báyìí tí ó ti jáde, ẹ jẹ́ kí n béèrè àlàáfíà yín. Ṣé ara le? Ìbàdí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Ṣé àgbọ̀nrín ṣì ń jẹ òdòdó Àǹtí Nadine ní ẹ̀yìnkùlé?

Ẹ rántí pé láti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni mo ti wá bá yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ kámẹ́rà. Gbogbo àwọn olùrànlọ́wọ́ yín yòókù ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí, èyí tí a ń fi ọwọ́ jù tí a sì ń gbé sáré, àfi èmi. Síbẹ̀, ẹ gbé mi sókè sínú yàrá onígíláàsì tí ó wà lórí pápá, ẹ fi ẹ̀rọ sí mi létí, ẹ sì fi iṣẹ́ kan ṣoṣo lé mi lọ́wọ́: kí n máa ka ìgbìyànjú wa láti oókan dé ẹẹ́rin, kí n sì máa sọ ọ́ fún yín nísàlẹ̀, nítorí pé bí ẹ̀kẹrin bá ti já sí asán, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ fún mi ní rọ́bà, irú èyí tí a fi ń di owó, tí ẹ sì kọ́ mi bí àwọn adájọ́ ti ń ṣí i láti ìka dé ìka. Ìka ìlábẹ̀ ni ti ẹ̀kíní, ọmọńdinrín ni ti ẹ̀kẹrin.

Yìnyín ti bo ibi tí iye ìgbìyànjú wà lára pátákó èsì lọ́jọ́ náà. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, àmì mẹ́rin ni àwọn ará Wexford fi jù wá lọ, bọ́ọ̀lù wa sì ku ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré kí ó dé ìlà wọn. Wọ́n dá eré dúró díẹ̀ nítorí agbábọ́ọ̀lù wọn kan tí ó ṣubú; tí fèrè bá tún dún, aago yóò máa sáré. Àsìkò yẹn ni wọ́n gbé ife ẹ̀wà aláta àti búrẹ́dì aládùn wọlé fún wa. Mo bọ́ rọ́bà náà kí ó má baà kó ọbẹ̀, mo jẹ ẹnu mẹ́ta, mo sì dá a padà sí ìka. Kóòṣì, ìka tí kò tọ́ ni mo dá a padà sí.

Ẹ béèrè létí mi pé, “Dwight, ìgbìyànjú ẹ̀ẹ̀kelòó nìyí?”

Mo ní, “Ẹ̀kẹta ni, Kóòṣì. Ẹ jẹ́ kí Rusty ju bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kí aago lè dúró.”

Rusty Pelham, ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, jù ú mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ní kó ṣe. Aago dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin ni, a sì ti fi jíjù mọ́lẹ̀ náà fi í ṣòfò. Adájọ́ gbé bọ́ọ̀lù fún Wexford, eré sì parí síbẹ̀.

Nígbà tí àwọn oníròyìn yí yín ká, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Wọ́n bi yín léèrè ta ni ó ṣì í kà. Ẹ ní, “Èmi ni. Kóòṣì tí ò lè kà dé ẹẹ́rin, kí ló tún fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ní ọjọ́ kọkànlá sí i, wọ́n yọ yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìlú tí ilé-epo kan ṣoṣo wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ń ta irúgbìn àgbàdo. Èmi ń gòkè ní tèmi, títí tí wọ́n fi gbé mi sórí àga yín ní ọdún 2004.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àpòòwé yín dé. Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀, rọ́bà kan ṣoṣo ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń wo rọ́bà yẹn, n kò sì mọ ohun tí ó wí. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀sùn ni lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, àwàdà. Nígbà mìíràn, ìdáríjì. Bí ẹ bá mọ̀ pé èmi ni, kí ló dé tí ẹ kò sọ? Bí ẹ kò bá sì mọ̀, rọ́bà wo ni?

Lóṣù tó kọjá, kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ pé orúkọ mi ni àwọn yóò fi sọ pápá tí a ti ń ṣe ìdánrawò. Oorun kò kun ojú mi mọ́ láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, níbi àsè àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́, mo dìde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ẹ̀wà.

Rusty ni ó kọ́kọ́ fọhùn. “Dwight, dúró ná. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń sọ pé n kò lè kà! Tí mo bá ka ẹyin inú firíìjì, ìyàwó mi á tún un kà. Àṣé ìwọ lò ń jẹ̀wà lókè!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Kóòṣì mọ̀ o. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ yẹn ta ni ó ṣì í kà. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n ní kí n fi ọmọ náà sílẹ̀, pé ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún.”

Kóòṣì, n kò tíì gbéyàwó nígbà náà. Ṣé ẹ pa irọ́ yẹn kí Rusty lè dákẹ́ ni, àbí ẹlòmíràn ni ẹ rò pé ẹ ń dáàbò bò? Mo ti rò ó títí, orí mi ti dàrú. N kò sì ní kí ẹ dáhùn dandan.

Ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní, “Ọ̀gbẹ́ni Kessel, a mà ti kọ orúkọ yín sára pátákó ẹnu ọ̀nà pápá.” Mo ní kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n kọ ti ẹni tí ó ni ín sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n jiyàn díẹ̀, wọ́n sì gbà.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Nadine, kí ẹ sì bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àwọn náà ni wọ́n kó ẹrù kúrò nínú ilé wọn. Rusty ní kí n kí yín, pé òun ṣì lè ju bọ́ọ̀lù, ẹ ṣáà máa sọ ibi tí òun yóò jù ú sí.

Lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ yìí, èmi àti Rusty lọ sí ẹnu ọ̀nà pápá. Mo di àkàbà mú, ó gun òkè pẹ̀lú òòlù. Orúkọ yín ni ó kọjú sí ojú pópó. Tèmi kọjú sí ògiri. Ìṣó mẹ́rin ni, Rusty sì ń kà wọ́n sókè bí ó ti ń kàn wọ́n. Mo ń ṣí rọ́bà yín láti ìka dé ìka bí ó ti ń kà. Nígbà tí ìṣó ìkẹyìn wọlé, mo wo ọwọ́ mi. Ọmọńdinrín ni rọ́bà wà.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ó jẹ̀bi,
                                        Dwight Kessel.