Ọ̀dà Ríìmù Tí Kò Gbẹ

Ọjọ́bọ, Kabba.

Ọ̀dà tí mo fọ́n sí ríìmù ọkọ̀ mi ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Délé ọ̀rẹ́ mi ló bá mi pò ó. Èmi ni mo ra hádínà tó ń mú ọ̀dà le, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní ọyẹ́ ni kò jẹ́ kó gbẹ, kí n ní sùúrù. Mo gbà á gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ yìí mo yà nílé ẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun táǹkì ọ̀kadà ẹ̀ ni, agolo hádínà mi sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ti ṣófo. Mo fi èékánná ha táǹkì náà, kò tiẹ̀ sàmì.

"Okun o," ló ń kí mi, tẹ̀rín tẹ̀rín.

Délé! Ẹni tá a jọ ń jẹun nínú àwo kan.

Ṣé ọyẹ́ ò fẹ́ dé ilé tiẹ̀ ni?