Ẹ Má Jẹ́ Kí Bàbá Wọ Àká

Okpomèta,
Ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Géraud,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilé. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kutọnu? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle. Ara àwa náà le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, ẹ ò sì ní rí ẹ̀rín púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ti kó àgbàdo sínú àká tuntun. Dípò oògùn kòkòrò, gáàsì kàbọníìkì, irú èyí tó máa ń bá èémí wa jáde, la tú sínú rẹ̀ láti inú ìgò irin, a sì sé ilẹ̀kùn pa. Kòkòrò ti kú, àmọ́ gáàsì ọ̀hún kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí ènìyàn. Kò ní òórùn, ó wúwo, ìsàlẹ̀ àká tó jìn ju ẹnu ọ̀nà lọ ló sì ń sùn sí. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kí gáàsì tó tán, ó lè ṣubú kó tó pariwo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún wa ní ẹ̀rọ tí ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì kọ́ mi bí a ti ń lò ó. Rọ́bà tín-ínrín kan ni yóò fa afẹ́fẹ́ inú àká wá sínú ẹ̀rọ níta, ẹ̀rọ yóò wá sọ iye gáàsì tó kù.

Eku jẹ rọ́bà náà. Pierre tó ń tún alùpùpù ṣe bá wa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń ta kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́, lẹ́bàá títì fi ń fa epo. Ó tóbi ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, Pierre wá gé awẹ́ túùbù táyà, ó fi so ó pinpin. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ lánàá, iye tó dára jù lọ ló jáde. Àwọn ènìyàn hó yèè. Bàbá ti ká ṣòkòtò sókè, torí pé nínú ìdílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ wọ àká, òun ló ń gbé agbọ̀n kìíní jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi, dídára yẹn ló bà mí lẹ́rù. Iye afẹ́fẹ́ ìta gan-an ni, bẹ́ẹ̀ a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé òkè ni, gáàsì kò lè tíì tán. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo gbé ẹnu sún mọ́ oríkèé tí Pierre so, mo mí èémí sí i. Iye náà fò sókè lójú ẹsẹ̀. Èémí mi ni ẹ̀rọ ń fà! Oríkèé yẹn ń jò. Afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wa ń mí ló ń wọ̀n, kò tíì tọ́ ti inú àká wò rárá.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní Bàbá kò gbọdọ̀ wọlé. Ṣé ẹ mọ Bàbá wa? Wọ́n ní, "Sidonie, maṣíìnì tó o gbé wá ní kí n wọlé, ìwọ ní kí n má wọlé. Ọ̀rọ̀ ta ni ká gbọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Fàsílátù, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, ní ńṣe ni mo fẹ́ dójú ti àgbà. Bàbá padà sílé, àmọ́ wọ́n búra pé àwọn yóò wọ ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà Kétu, kí àwọn oníbàárà tó dé. Láti àná, mo kí wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Oúnjẹ tí mo gbé síwájú wọn, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ó dùn mí wọra.

Pierre ti tún oríkèé náà so, ó ṣì ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá rọ́bà tó bá ẹnu ẹ̀rọ mu ní Kutọnu, pẹ̀lú ìdè irin rẹ̀, kí ẹ sì mú un wá fúnra yín. Ẹnu mi kò ká Bàbá, ẹ̀yin ni àkọ́bí. Kọ́kọ́rọ́ àká ló wà nínú àpòòwé yìí. Mo yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí Bàbá nígbà tí wọ́n ń wẹ̀, mo sì fi rán Rodrigue onítakisí sí yín. Wọn ò ní já ilẹ̀kùn; wọ́n máa ń ní olè ló ń jálẹ̀kùn.

Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún yín, kí ó mú yín dé ilé láyọ̀, kí a má fi ojú sunkún ara wa.

Èmi ni àbúrò yín tí kò rí oorun sùn,
Sidonie.

Mo tún rántí: bí Bàbá bá pè yín lórí tẹlifóònù, ẹ má purọ́ nítorí mi. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo jí kọ́kọ́rọ́ náà. Kí wọ́n máa bínú. Bí wọ́n bá ń bínú, mo mọ̀ pé wọ́n ń mí.