Mo Wọn Gáàsì Lórí Òṣùwọ̀n Ìyá Ẹlẹ́ja

Àbámẹ́ta, Agége

Irọ́ ni pé mo bá onígáàsì jà. Mo kàn gbé sílíńdà mi sórí òṣùwọ̀n Ìyá Ẹlẹ́ja, ará ilé wa, ni.

Mo ti wọn òfìfo rẹ̀ kí n tó lọ rọ ọ́. Kílò márùn-ún tí ọkùnrin náà gbowó rẹ̀ kò pé mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, torí pé owó rẹ̀ ló kéré jù ládùúgbò ni gbogbo ilé ṣe ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e padà lọ bá a.

"Ará oko, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, òṣùwọ̀n ló ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi."

Gáàsì ilé ìrọgáàsì tó wà lápá Ọgbà fi díẹ̀ wọ́n ju tirẹ̀ lọ, àmọ́ kílò wọn pé. Tí mo bá dá lọ ṣá, owó kẹ̀kẹ́ yóò jẹ èrè náà tán. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé ká jọ rọ tiwa níbẹ̀, ká pín owó kẹ̀kẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sílíńdà jáde. "Olórí kunkun, gbé tèmi náà dání lọ́la." Bàbá Télọ̀ tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó wòlíì, tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀.

Ẹni mẹ́ta péré nínú yàrá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n owó kẹ̀kẹ́ ti pín sí mẹ́rin.